Iye ènìyàn àti bí ilẹ̀ ATISBO ṣe tóbi tó: nọ́ńbà wo ni kí n gbà?

Aláàlàyé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń kọ àlàyé fún àwọn ọmọ girama lórí ìjọba ìbílẹ̀ ATISBO ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, bó ṣe fẹ̀ tó, àti iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ohun tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé ènìyàn 110,792 ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2006, àti pé ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,997 kìlómítà onígun mẹ́rin. Mo pín ọ̀kan sí èkejì, ó fún mi ní ènìyàn 37 lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kan. Àmọ́ àwọn ibòmíràn kọ nọ́ńbà tó ju 200,000 lọ láì sọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Èwo ni kí n kọ? Ṣé 37 yẹn tọ̀nà? Ṣé mo lè ṣírò ti òní fúnra mi? Àti pé, ṣé a lè pe gbogbo ATISBO ní ìgbèríko, nígbà tí Tẹdé àti Àgọ́-Àrẹ kì í ṣe abúlé lójú ẹni tó bá mọ̀ wọ́n?

Bàbá Oníṣirò

110,792 kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ mọ orírun rẹ̀ kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbájáde ìkànìyàn 2006 jáde. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó yẹ iṣẹ́ náà wò tán: 140,003,542 fún Nàìjíríà, 5,591,589 fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Èyí tó kẹ́yìn ni 140,431,790 fún Nàìjíríà àti 5,580,894 fún Ọ̀yọ́. Ẹ kíyè sí i pé ti gbogbo orílẹ̀-èdè lọ sókè, ti Ọ̀yọ́ sì wálẹ̀ díẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí ìjọba ìbílẹ̀ kan náà fi máa ń ní nọ́ńbà méjì tó fẹ́ jọra, tí àwọn ènìyàn á sì máa bá ara wọn jiyàn lé e lórí.

Bí o ṣe máa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ rọrùn. Wá tábìlì tí o ti mú 110,792 jáde, kí o ro gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní Ọ̀yọ́ pọ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 5,591,589, ti ìgbà díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ. Bó bá jẹ́ 5,580,894, èyí tó kẹ́yìn ni. Bí kò bá jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹnì kan ti da tábìlì méjì pọ̀ mọ́ra. Jù ú nù.

Má kọ "2006" nìkan. Láti ọjọ́ 21 sí 27 oṣù March 2006 ni wọ́n fi kà á, ẹni tí àwọn akànìyàn bá bá nílẹ̀ ni wọ́n sì ń kà, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Kò tíì sí ìkànìyàn mìíràn láti ìgbà náà. Wọ́n ti múra ti oṣù May 2023, wọ́n sì sún un síwájú kó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà nọ́ńbà yòówù tí o bá rí fún ọdún tó tẹ̀lé 2006, ìṣirò ni, kì í ṣe kíkà.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Ìṣirò tí bàbá ń sọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé, ẹ̀yin náà lè fi fóònù ṣe é. Ẹ dá fóònù bùúbùú kí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ lè yọ bọ́tìnnì *ln* àti *eˣ*.

Ẹ kọ́kọ́ wá bí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ń pọ̀ sí i láàárín ìkànìyàn méjì. 1991 jẹ́ 3,452,720. 2006 jẹ́ 5,580,894. Ẹ fi ti 1991 pín ti 2006, ó máa fún yín ní 1.616. *ln* rẹ̀ jẹ́ 0.480. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ló kàn: wọ́n á fi 15 pín in nítorí pé 2006 yọ 1991 jẹ́ 15. Ṣùgbọ́n ìparí oṣù November ni wọ́n ka ti 1991, ti 2006 sì jẹ́ oṣù March. Ọdún 14 àti oṣù 4 ló wà láàárín wọn, ìyẹn 14.33. 0.480 tí a fi 14.33 pín jẹ́ 0.0335, tàbí 3.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Ẹni tó fi 15 pín in máa rí 3.2. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, àmọ́ bí ọdún ṣe ń gun orí ọdún ló ń wú.

Láti March 2006 sí March 2026 jẹ́ 20 ọdún. 0.0335 lọ́nà 20 jẹ́ 0.67. *e* sí 0.67 jẹ́ 1.954. Ẹ fi sọ 110,792 di púpọ̀, ó máa sún mọ́ 216,500. Ibi tí nọ́ńbà "ju 200,000 lọ" yẹn ti ń wá nìyẹn.

Bàbá Oníṣirò

Iṣẹ́ rere, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìdàgbàsókè ìpínlẹ̀ lo fi wọn ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ìbàdàn wà nínú 3.35 yẹn, àti gbogbo àwọn tó kó lọ sí Ìbàdàn láti ibòmíràn. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀dọ́ ti ń jáde lọ wá iṣẹ́ kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, bí ọmọ tilẹ̀ ń bí níbẹ̀ dáadáa. Bí o bá lo 2.5 dípò 3.35 fún 20 ọdún kan náà, *e* sí 0.5 jẹ́ 1.649, ATISBO á sì jẹ́ bí 182,700. Ìyàtọ̀ bí 34,000 nìyẹn. Ẹni tó bá kọ 216,514 láìku ẹyọ kan ń tan ara rẹ̀ jẹ. Kọ "láàárín 180,000 sí 220,000 ní ìfojúbù", kí o sì sọ ìwọ̀n ìdàgbàsókè tí o lò.

Ẹnì kan lè sọ pé kí a wá ìdàgbàsókè ATISBO gan-an láti 1991 sí 2006. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 589 ló wà ní Nàìjíríà nígbà ìkànìyàn 1991. Ọdún 1996 ló di 774. Wọ́n gé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtijọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dàpọ̀ tí ẹ máa bá nínú ìwé 1991 ní Òkè-Ògùn kò sí nínú tábìlì 2006 mọ́. Bí ẹ bá fi orúkọ tó jọra wé ara wọn láì wo ààlà, ẹ máa rí ìjọba ìbílẹ̀ tó "dínkù" sí ìdajì láàárín ọdún 14, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n gé kúrò lára rẹ̀. Ọ̀nà tó mọ́ ni kí ẹ kó gbogbo àwọn tó jáde láti ara ọ̀kan pọ̀, kí ẹ fi àpapọ̀ wọn wé ti àtijọ́.

Ìkìlọ̀ kan náà kan àwọn LCDA, ìyẹn àwọn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọn kò sí lára 774, tábìlì ìkànìyàn kò sì mọ̀ wọ́n. Ẹ má fi iye ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo sí ìdí LCDA kan.

Olùyàwòrán Ilẹ̀

Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí 37 yẹn. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà, ohun tó ń fi yé ènìyàn ni kò tọ̀nà. Ó dà bíi pé ènìyàn 37 fọ́n ká sórí gbogbo ilẹ̀ náà, níbi tó jẹ́ pé wọ́n kó jọ sí ìwọ̀nba ìlú, tí ilẹ̀ gbalasa sì wà láàárín wọn. Orúkọ ATISBO fúnra rẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn ìlú ni: Àgọ́-Àrẹ, Tẹdé, Ìràwọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àgọ́-Àrẹ wà lójú títì Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, Tẹdé ni olú-ìlú. Bí o bá kúrò ní ìlú wọ̀nyí tí o dorí kọ ìwọ̀-oòrùn síhà ààlà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, oko, ahéré, gáà Fúlàní àti igbó ọ̀dàn lo máa bá jù.

Wo bí ìlà ààlà nìkan ṣe lè yí nọ́ńbà padà. Nínú tábìlì kan náà tó fún ATISBO ní 110,792, Kájọlà tó jókòó sí Òkèhò ní ènìyàn 200,997 lórí 609 kìlómítà onígun mẹ́rin péré. Ó jẹ́ 330 lórí kìlómítà kan. Ìwàjọwà ní 102,980 lórí 2,529, ìyẹn bí 41. Òkè-Ògùn kan náà, irú iṣẹ́ oko kan náà. Kì í ṣe pé àwọn ará Òkèhò ń gbé lórí ara wọn. Ààlà Kájọlà fún mọ́ àwọn ìlú rẹ̀ tímọ́tímọ́, ti ATISBO sì gba ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí mọ́ra. Ti gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ bí 196 (5,580,894 lórí 28,454).

Nítorí náà, bí àyè bá wà, kọ nọ́ńbà méjì: 37 lórí gbogbo ilẹ̀, àti òmíràn tí o ti yọ ilẹ̀ tí òfin kò gbà kí wọ́n gbé kúrò. Ọgbà ẹranko Old Oyo, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, wọ inú ilẹ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ púpọ̀ ní apá yẹn. Má yọ gbogbo 2,512 kúrò lára ẹyọ ìjọba ìbílẹ̀ kan o! Apá tó bọ́ sínú ààlà rẹ̀ nìkan ni.

Aláàlàyé

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀gá Olùyàwòrán, báwo ni mo ṣe lè wọn apá tó bọ́ sínú ààlà yẹn? Mo ti gbé QGIS, ètò tí wọ́n fi ń ya máàpù, sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ti rí fáìlì ààlà. Nígbà tí mo ní kó wọn ilẹ̀ ATISBO fún mi, 0.24 ló gbé jáde.

Olùyàwòrán Ilẹ̀

Dígírì lo fi wọ̀n ọ́n. Fáìlì náà wà ní EPSG:4326, ìlà gbọọrọ àti ìlà ìbú ayé ni ó ń kà, kò mọ mítà. Gbé e lọ sí EPSG:32631 (UTM 31 apá àríwá) kí o tó wọ̀n ọ́n. Láti 0 sí 6 dígírì ìlà-oòrùn ni 31 gbà, gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Má ṣe yí orúkọ CRS (ètò ìwọ̀n ilẹ̀ tí fáìlì ń lò, bíi 4326 tàbí 32631) padà lásán lórí léyà náà, ìyẹn máa gbé ATISBO lọ sínú òkun. *Export*, *Save Features As*, kí o wá yan 32631 níbẹ̀. Fáìlì tuntun ló máa jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, lo *Clip*: ààlà ọgbà ẹranko lókè, ààlà ATISBO gẹ́gẹ́ bí ọ̀bẹ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni apá tó bọ́ sínú rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ìṣirò tábìlì, kọ *$area / 1000000*, nítorí mítà onígun mẹ́rin ló ń kọ́kọ́ gbé jáde. Bí *Clip* bá ń ké pé àwòrán kò pé, *Fix Geometries* ni kí o kọ́kọ́ sáré lò. Ìlà tó gba orí ara rẹ̀ kọjá ló máa ń fà á.

Bí ohun tó bá jáde fún gbogbo ATISBO bá yàtọ̀ sí 2,997 pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀, má bẹ̀rù, àwọn tó ya ààlà náà yàtọ̀ síra wọn. Bó bá yàtọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ààlà ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn lo dì mú. Ohun yòówù kó jẹ́, nọ́ńbà ènìyàn àti ààlà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìgbà kan náà.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù

Ẹ má gbàgbé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ibẹ̀ ni ìwé tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ wà, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lórí ògiri ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù, ẹ máa rí tábìlì iye ọmọ tí a gbọ́dọ̀ fún lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan jẹ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ènìyàn, àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jẹ́ 20, aboyún jẹ́ 5. Ká ní wọ́ọ̀dù kan ní 12,000 lórí ìwé, ó máa jẹ́ 480, 2,400 àti 600.

Àwọn kan á mú 2,400 yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, wọ́n á ní àwọn ti rí ẹ̀rí pé 12,000 tọ̀nà. Ẹ̀rí kọ́! Láti ara 12,000 ni 2,400 ti jáde, ìṣirò ìkànìyàn 2006 náà ni. Ẹ wulẹ̀ yí i padà ni.

Èyí tó ní láárí ni ìwé tí àwọn tó ń gbé àjẹsára láti ilé dé ilé fi ń kọ orúkọ ibùgbé kọ̀ọ̀kan, iye ilé àti iye ọmọ tí wọ́n rí níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí ọmọ 1,900 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọ́ọ̀dù kan náà, 1,900 lọ́nà 5 jẹ́ 9,500, ìyẹn sì ti tó ohun tí a lè fi wé 12,000. Ẹ béèrè oṣù tí wọ́n rìn ín. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn darandaran láti òkè máa ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, gáà á kún. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, wọ́n á padà. Lébìrà tó wá kọ ebè náà kì í pẹ́ lórí oko kan. Iye ènìyàn abúlé kan ní oṣù January lè yàtọ̀ sí ti oṣù July láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Mo fi ọwọ́ sí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì ṣe, irú ti WorldPop àti GRID3, ní àléébù tó jọ ọ́. Òrùlé ni wọ́n ń wò. Ní ilẹ̀ wa, àgbẹ̀ kan máa ń ní ilé nílùú àti ahéré lóko, òrùlé méjì fún ìdílé kan. Àgọ́ Fúlàní tí wọ́n fi koríko bo kì í sábà hàn dáadáa láti òkè. Nítorí náà wọ́n lè ka àgbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fo darandaran. Fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n wúlò. Fún abúlé kan ṣoṣo, ẹ má gbára lé wọn.

Ìwé àwọn olùdìbò INEC ńkọ́? Ẹni ọdún 18 sókè nìkan ló wà nínú rẹ̀, orúkọ òkú kì í tètè kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń gbé Ìbàdàn sì lè forúkọ sílẹ̀ nílé. Ohun tí mo máa ń fi í ṣe ni orúkọ wọ́ọ̀dù àti ibùdó ìdìbò, láti mọ àwọn abúlé tó wà.

Lórí ìgbèríko: nínú ètò ìkànìyàn Nàìjíríà, ibùgbé tó ní ènìyàn 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní ìlú ńlá, èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìgbèríko. Ibùgbé ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀. ATISBO lè ní ibùgbé tó kọjá 20,000 kó sì tún ní ahéré ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò sí nínú òṣùwọ̀n yẹn rárá. Nílẹ̀ Yorùbá, ènìyàn lè máa gbé nínú ìlú ńlá kó sì jẹ́ pé oko ló ń lọ lójoojúmọ́. Tábìlì 2006 tó wà lọ́wọ́ ará ìlú sì parí sí ìjọba ìbílẹ̀, kò sọ ti ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ "ìjọba ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù níbẹ̀", ìjà parí.

Olùyàwòrán Ilẹ̀

Fún apá ilẹ̀, má jẹ́ kó gùn ju bó ṣe yẹ. Ọ̀dàn ni: igi emi, igbá àti ayin láàárín koríko gíga, káṣú tí wọ́n gbìn, iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọkà bàbà lóko. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù March sí April, ó dáwọ́ dúró ní October, ọyẹ́ sì tẹ̀lé e. Odò Ògùn ṣẹ̀ láti orí òkè Igaran nítòsí Ṣakí, ó ń ṣàn sí gúúsù títí dé ọ̀sà Èkó. Òfìkì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣàn sínú rẹ̀. Ìdídò Ìkéré tó wà nítòsí Ìsẹ́yìn, orí Ògùn yìí náà ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Èyí tí àwọn ìwé kì í sọ ni ohun tó so ilẹ̀ àti ènìyàn pọ̀. Òkúta líle àtijọ́ ló wà lábẹ́ gbogbo agbègbè náà. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò sí níbi gbogbo. Inú ibi tí òkúta ti jẹrà tàbí ibi tó ti sán nìkan ló máa ń dúró sí. Wọ́n lè gbẹ́ bóhóòlù síhìn-ín kó rí omi, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ìwọ̀nba mítà sí i kó gbẹ táútáú. Kànga tí kò jìn máa ń gbẹ láàárín January sí March. Ibi tí omi kì í gbẹ ni àwọn ènìyàn máa ń dúró sí, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí máàpù ibùgbé ATISBO rí bó ṣe rí: ìlú díẹ̀ tó kún, ilẹ̀ púpọ̀ tó ṣófo.

Aláàlàyé

Ó yé mi wàyí. Ṣé èyí dára: "Ní ìkànìyàn March 2006, ATISBO ní ènìyàn 110,792 lórí 2,997 kìlómítà onígun mẹ́rin (bí 37 lórí kìlómítà kan), púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé ní ìwọ̀nba ìlú. Bí a bá lo ìdàgbàsókè 2.5 sí 3.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, iye wọn ní March 2026 á wà láàárín 180,000 sí 220,000"?

Bàbá Oníṣirò

Ó dára. Fi bóyá ti ìgbà díẹ̀ ni tàbí èyí tó kẹ́yìn sí i lẹ́yìn tí o bá ti ro 33 yẹn pọ̀. Má sì pín 220,000 fún 2,997 kí o wá pe èyí tó jáde ní àbájáde ìkànìyàn.